Bàálù ogun àtijọ́ lójú sánmọ̀ Lọ́ńdọ̀n: ṣé ó tó ohun tí à ń kó arúgbó àti ọmọdé lọ wò?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Birmingham ni mo ń gbé. Bàbá mi dé láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹni ọdún 78 ni wọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàálù ló fi ń jẹun, bàálù ló fi ń sùn. Àwọn méjèèjì gbọ́ pé ní Sátidé tí wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ ìbí Ọba nínú oṣù Kẹfà, àwọn bàálù tí wọ́n fi ja ogun Hitler máa ń fò kọjá lórí ààfin ní Lọ́ńdọ̀n. Láti ìgbà náà, n ò gbádùn mọ́ nínú ilé mi. Ìyàwó mi ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n fún wọn, kí n yéé dá ara mi láàmú. Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń rìnrìn-àjò fún, ká lọ láàárọ̀ ká padà lálẹ́? Bó bá tó bẹ́ẹ̀, ibo ni ká dúró sí?

* * *

Ẹ kó wọn lọ. Àmọ́ ẹ má kó wọn lọ síbi tí gbogbo ayé ń lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ láti Leicester. Lẹ́ẹ̀kan, mo rí gbogbo ẹ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́ẹ̀kan, ìrù Spitfire kan ṣoṣo, bàálù ogun kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, ni mo rí láàárín ewé igi. Lẹ́ẹ̀kan sì rèé, n ò rí nǹkan kan, òjò ló rí mi.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Lancaster ni bàálù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tó máa ń wà láàárín, tí àwọn kéékèèké á wá tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ adìyẹ. Tó bá ń kọjá báyìí, eré rẹ̀ tó bíi 280 kìlómítà ní wákàtí kan. Títì The Mall, èyí tó lọ gbọọrọ dé iwájú ààfin Buckingham, kò pé kìlómítà kan. Ìyẹn ni pé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó ti la títì náà já. Ẹni tó bá wà lábẹ́ igi kò ní rí tó ìdajì ìyẹn. Kí ẹ tó na ìka sí i pé "Bàbá, òun nìyẹn", ó ti wọ ẹ̀yìn òrùlé lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ jí láago márùn-ún láti lọ wo nǹkan ìṣẹ́jú-àáyá 15, ibi tó máa dúró sí ló yẹ kó kọ́kọ́ rò, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

* * *

Àwọn mẹ́ta ló ti wá gbè sẹ́yìn ìyàwó yín: ẹ jókòó sílé, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò purọ́. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á sọ orúkọ bàálù kọ̀ọ̀kan fún yín, ẹ ó rí ojú Ọba lókè bákónì, tíì yín á gbóná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò sì ní jìnnà. Tó bá jẹ́ àwọn jẹ́ẹ̀tì òde òní nìkan ni ẹ fẹ́ wò, èmi náà á ní kí ẹ jókòó.

Ṣùgbọ́n ti àwọn àgbà bàálù yìí, ojú kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó. Jẹ́ẹ̀tì máa ń dún bí ẹni fa aṣọ tuntun ya. Ẹ́ńjìnnì Merlin tó ń gbé àwọn àgbà yìí kì í ya nǹkan, ó máa ń kùn ni. Àyà yín ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, etí á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a. Merlin kan ní sílíńdà 12, ìwọ̀n inú rẹ̀ sì jẹ́ lítà 27. Ọkọ̀ kékeré tí mò ń wà lọ síbi iṣẹ́ kò ju lítà kan àti díẹ̀ lọ. Mẹ́rin irú Merlin bẹ́ẹ̀ ló wà lára Lancaster kan ṣoṣo, ẹ kò tíì ka ti Spitfire àti Hurricane tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà 2022 ni mo rí i dáadáa, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth pé 70 ọdún lórí oyè. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àga káńfáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pariwo yí i ká. Lójijì ó gbé ìka kan sókè. Àwọn ọmọ náà dákẹ́. Kò wo òkè rárá, ilẹ̀ láàárín bàtà rẹ̀ ló ń wò, ìka náà ṣì wà lókè. Àwa yòókù ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí kíkùn náà tó dé etí tèmi. Bàálù náà kọjá, ó lọ, ìyá náà kò gbójú sókè, ó kàn rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò sí tẹlifíṣọ̀n tó lè fi ìyẹn han ọmọ yín.

* * *

Ọ̀rọ̀ ibi ìdúró wá di ìjà. Ẹ jẹ́ kí n kó ohun tí gbogbo yín sọ jọ.

Àwọn kan ní The Mall ni, ibòmíràn ò sí. Ohun tí wọ́n ń wí yé mi: ibẹ̀ lẹ́ ti máa rí ẹṣin, ọmọ ogun aláṣọ pupa, fèrè, àti Ọba nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Lẹ́yìn ayẹyẹ, àwọn ọlọ́pàá á rọra kó èrò lọ síwájú ààfin, ẹni tó bá bọ́ síwájú á rí bákónì kedere. Ṣùgbọ́n igi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, igi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, nínú oṣù Kẹfà sì rèé, gbogbo ewé ti yọ tán. Ẹ fẹ́ mú bàbá ẹni ọdún 78 dúró láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán? Lórí ẹsẹ̀ wo? Tí wọ́n bá sì ní àwọn fẹ́ tọ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá jáde kúrò láàárín èrò yẹn, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

St James's Park àti Green Park? Ibẹ̀ ni mo ti rí ìrù Spitfire. Koríko rẹ̀ dára fún ìjókòó, àmọ́ òrùlé ewé ló bo orí yín. N kò tún lọ mọ́.

Trafalgar Square ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó bá ta kú pé àárín ìlú lòun fẹ́. Sánmọ̀ ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, bàálù sì máa ń kọjá lápá ibẹ̀ kó tó kọjú sí The Mall. Àtẹ̀gùn iwájú National Gallery ṣeé jókòó lé, tí ẹ bá tètè dé. Primrose Hill tí ẹnìkan dárúkọ, wọ́n á jìnnà sí yín: ẹ ó rí wọn bí ẹyẹ, ẹ ò ní gbọ́ Merlin létí yín bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń ya fọ́tò ni ibẹ̀ wà fún.

Ibi tí èmi máa mú Bàbá lọ ni Fairlop Waters, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n. Ẹ má yínmú o. Láti etí òkun ìlà-oòrùn ni àwọn bàálù náà sábà máa ń gbà wọlé, wọ́n á ti tò tán kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn ìlú. Pápá gbalasa ni Fairlop, kò sí ilé gíga, ẹ ó ti máa rí wọn láti òkèèrè tí wọ́n ń tóbi bọ̀. Ẹ lè gbé àga yín dání, kí ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kí ọmọ máa sáré kiri. Bí wọ́n bá máa dé ààfin láago kan, wọ́n á ti kọjá lọ́dọ̀ yín ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú. Ohun kan tó tún wù mí níbẹ̀: pápá bàálù àwọn ọmọ ogun òfurufú ni ibẹ̀ nígbà ogun, Spitfire gan-an ló ń gbéra níbẹ̀. Ibùdó réluwéè Fairlop, lórí Central line, kò jìnnà sí pápá náà rárá.

Àǹtí kan tó ń gbé Ilford wá fèsì pé ọmọdé ò ní gbàgbé pé òun ò rí ọba. Àǹtí, ẹ jàre mi níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ tó fẹ́ rí ọba, kó lọ sí The Mall. Ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí ní bàálù ni ọmọ òun fẹ́.

* * *

Kí n tó gbàgbé, ẹnìkan béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà tí bàálù máa gbà. Kì í ṣe awo. Kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n máa ń gbé ìkìlọ̀ jáde fún gbogbo awakọ̀ òfurufú pé kí wọ́n yàgò fún ibi báyìí báyìí, ní aago báyìí. NOTAM lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn bàálù á gbé e, wọ́n á yà á sórí àwòrán ilẹ̀, ẹ ó rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wò ó ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ má gbára lé ti ọdún tó kọjá. Ọ̀nà lè yà díẹ̀, díẹ̀ yẹn náà ló sì ń sọ Fairlop di ibi tó dára tàbí ibi tí wọ́n ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá.

* * *

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì sọ: ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fò rárá.

Àwọn bàálù yìí ti dàgbà ju Bàbá lọ. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan nínú Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Coningsby, Lincolnshire, ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn. Láti 1957 ni ẹgbẹ́ náà ti wà. Lancaster tí ẹ máa rí, PA474 ni nọ́ńbà rẹ̀. Méjì péré ló ṣẹ́ kù tó ṣì ń fò lágbàáyé, ìkejì wà ní Kánádà. Ní 2014, ti Kánádà la òkun wá, àwọn méjèèjì jọ fò, inú bí mi pé iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí n lọ. Spitfire kan wà láàárín wọn, P7350, tó jà nínú ogun 1940 lójú sánmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọta ìbọn ti lu apá rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ dòní. Ẹ ò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìjì nítorí pé èrò ti dúró sí títì.

Ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún 2023, ọjọ́ tí wọ́n dé Ọba Charles ládé, mo wà níbẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò dá. Mo ti gbé aṣọ òjò méjì wọ̀, omi ṣì wọnú bàtà. Nígbà tí àkókò tó, hẹlikópítà dé, Red Arrows, àwọn jẹ́ẹ̀tì pupa ọmọ ogun òfurufú tó ń dá bírà, dé pẹ̀lú èéfín aláwọ̀ mẹ́ta wọn, ó tán. Wọ́n ti yọ Lancaster, wọ́n ti yọ Spitfire, wọ́n ti yọ gbogbo yòókù. Ọkùnrin kan níwájú mi ṣì dúró, ó ń wo sánmọ̀, ó ní bóyá wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. N ò lè sọ fún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ ìbí Ọba, wọ́n kó bíi bàálù 70 jáde láti fi dí i, èmi sì wà níbi iṣẹ́.

Ti 2024 ló burú jù. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, Spitfire kan já nítòsí Coningsby, awakọ̀ rẹ̀ sì kú. Wọ́n dá gbogbo àwọn bàálù náà dúró. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọ̀kan nínú wọn lórí ààfin ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Àwọn èèyàn ṣì wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ṣèlérí fún ọmọ. Ẹ sọ fún un pé "a ń lọ wò ó bóyá wọ́n á fò". Kí ẹ sì mú ọ̀nà kejì dání: RAF Museum, ilé ohun àtijọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú, ní Hendon ní Lọ́ńdọ̀n. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Lancaster kan wà níbẹ̀ tó ti lọ ojú ogun ní ìgbà 137, ẹ ó dúró lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó gbé orí sókè wo ikùn rẹ̀. Láti Euston, Northern line ló ń gbé yín lọ tààrà sí Colindale. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá, ẹ má dúró jìyà, ẹ yí sí Hendon. Ìyẹn ni mi ò mọ̀ ní 2023.

* * *

Ẹnìkan wọlé pẹ̀lú ìbínú: "Kí ló kàn wá kan bàálù òyìnbó? Àwọn tó fi ìbọn gba ilẹ̀ wa lẹ fẹ́ lọ pàtẹ́wọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbọ́dànù, n kò sì ní dá a padà pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀. Ẹni tó bá bí i nínú tó bẹ́ẹ̀, kó jókòó sílé rẹ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kó má sọ pé kò kàn wá. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó ni. Ní 1942, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kọ́kọ́ dé ipò náà gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ bàálù. Jàǹbá bàálù ló pa á ní oṣù Kìíní 1945, ogun kò tíì parí. Akin Shenbanjo náà wà níbẹ̀, nínú bàálù Halifax, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akíkanjú. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò kọ "Black Prince" sára bàálù wọn nítorí tirẹ̀. Johnny Smythe láti Sierra Leone, àwọn ará Jámánì já bàálù tirẹ̀ lulẹ̀ ní 1943, wọ́n mú un lẹ́rú ogun, ó ye é, ó padà wá di agbẹjọ́rò àgbà ìjọba nílẹ̀ rẹ̀. Lákòókò kan náà, ìjọba amúnisìn ń rọ àwọn ìyá wa lóko pé kí wọ́n pa èkùrọ́ sí i nítorí ogun.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Lancaster tí gbogbo wa ń sọ yìí, PA474, kò ju bọ́ǹbù kankan. Àárín 1945 ni wọ́n kàn án tán, ogun ti ń parí. Iṣẹ́ tí wọ́n wá fi í ṣe ni pé wọ́n gbé e lọ sí ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà láti máa ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Àwòrán ilẹ̀ ta ni? Ilẹ̀ wa. Ẹni tó fẹ́ bínú, ó ní ohun tó lè bínú sí níbẹ̀. Èmi ò tìtorí ẹ̀ ní kí ọmọ má wò ó. Ẹ mú un lọ, kí ẹ sì sọ ìtàn náà fún un bó ṣe rí, pẹ̀lú orúkọ àwọn èèyàn tiwa. Ní ilé ìwé, wọn kì í dárúkọ Adeniyi Thomas.

* * *

"Ṣé kò lè já lé wa lórí?" Ìyàwó oníbèéèrè ló ní kí ó bi wá. Ó tọ́ kí wọ́n bèèrè.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Nínú oṣù Kẹsàn-án 1959, Spitfire kan ń bọ̀ láti ibi irú ayẹyẹ báyìí ní Lọ́ńdọ̀n, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú. Awakọ̀ náà wá pápá tó ṣí sílẹ̀, ó sì gbé e bà sórí pápá ìṣeré kíríkẹ́ẹ̀tì ní Bromley. Àwọn tó ń ṣeré ti wọlé lọ mu tíì. Tíì yẹn mà gba ẹ̀mí là o! Awakọ̀ náà kò kú. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn ò fi jẹ́ kí bàálù ogun ẹlẹ́ńjìnnì kan kọjá lórí Lọ́ńdọ̀n.

Jàǹbá Shoreham ní 2015 ni ọ̀pọ̀ èèyàn rántí, nígbà tí jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan já sí títì ọkọ̀ tí èèyàn 11 sì kú. Ìyẹn yàtọ̀: ó ń dá bírà lójú sánmọ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n mú òfin le sí i. Ti ààfin, tààrà ni wọ́n ń lọ, ní bíi 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, kò sí àyípo, kò sí ìtàkìtì. N kò ní búra pé nǹkan ò lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n títì mọ́tò tí ẹ máa gbà dé ibùdó réluwéè ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Níwọ̀n bí a ti wà lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ti Alan Pollock kún un. Ní 1968, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú pé ọdún 50, ìjọba ò ṣètò pé kí bàálù fò kọjá ní Lọ́ńdọ̀n. Inú bí ọkùnrin yìí, awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì ni. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, ó yà kúrò lẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó yí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin po, ó tẹ̀ lé odò Thames, ó sì wa jẹ́ẹ̀tì Hunter gba inú Tower Bridge kọjá, lábẹ́ afárá òkè, lójú mọ́tò àti bọ́ọ̀sì. Wọ́n mú un, wọ́n yọ ọ́ kúrò níṣẹ́ láì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọmọ yín máa fẹ́ràn ìtàn yìí. Ẹ má sọ ọ́ fún un kí ó tó sùn.

* * *

Ti ọkọ̀, kíákíá. Láti Birmingham, New Street ló ń lọ sí Euston, Moor Street ló ń lọ sí Marylebone. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń tún irin ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa tún un ṣe ní Sátidé tí èèyàn bá ní ibi tó ń lọ. Nítorí ọmọdé, káàdì Family & Friends á yọ ìdá mẹ́ta kan kúrò nínú owó àgbà, á sì yọ 60 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ti ọmọ. Nígbà ìpadà, ẹ má sáré. Ní 2022, èmi àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ kọrí sí ibùdó kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ wa nítorí èrò, a dúró níta bí ẹni ń dúró de epo. Ká ní mo jókòó sórí koríko fún wákàtí kan ni, mi ò bá ti wọlé wẹ́rẹ́.

Oúnjẹ, ẹ gbé e láti ilé. Omi, ẹ gbé e. Fóònù, ẹ fi sápò. Mo rí àwọn tó fi fóònù wo gbogbo ẹ̀ tán, nígbà tí wọ́n dé ilé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àmì kékeré dúdú kan tó ń gbọ̀n.

* * *

Oníbèéèrè ti padà dé. Ó ní Bàbá ti ka gbogbo ohun tí a kọ, wọ́n sì fara mọ́ Fairlop. Ó ní Bàbá ń béèrè bóyá àwọn lè wọ agbádá. Wọ́n lè wọ̀ ọ́, sà, àmọ́ kí ẹ fi súwẹ́tà sábẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn pápá yẹn kò mọ àgbà, kí ẹ sì di fìlà mú.

Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó mú mi jókòó dáadáa. Ó ní bàbá tó bí Bàbá lọ Burma. Pé ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ nípa ogun ni bàálù tó máa ń da àpò ìrẹsì sílẹ̀ fún wọn nínú igbó. Nítorí rẹ̀ ni Bàbá ṣe fẹ́ lọ. Ó béèrè pé èwo nínú wọn nìyẹn, Lancaster tàbí Spitfire?

Kì í ṣe ìkankan nínú wọn. Ó jọ pé Dakota ni. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wọ àfonífojì Kaladan ní 1944, ìyẹn ẹgbẹ́ 81st Division, kò sí títì tí ọkọ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti òkè ni oúnjẹ àti ọta ìbọn ti ń bọ̀, Dakota ló sì ń gbé e. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, imú rẹ̀ roboto, kò yá bíi ti àwọn yòókù. Coningsby ní ọ̀kan tó ń fò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀n. Tí ẹ bá rí ẹlẹ́ńjìnnì méjì láàárín wọn, ẹ tètè pè wọ́n.

Tí kò bá wá, ẹ má jẹ́ kí ojú Bàbá pọ́n. Dakota kan wà nínú RAF Museum ti Cosford. Ọ̀fẹ́ ni, réluwéè láti New Street ń dúró níbẹ̀ lẹ́yìn Wolverhampton, kò sì tó ìdajì ọ̀nà Lọ́ńdọ̀n. Mo ń sọ èyí lẹ́yìn tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ forí jì mí. Ẹ lọ wo ti Lọ́ńdọ̀n ní Sátidé yìí, kí ẹ mú Bàbá lọ sí Cosford ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, níbi tí wọ́n ti lè dúró wò ó fún iye ìgbà tó bá wù wọ́n.